Nígbà tí Oníbàárà Bá Ń Dá Aṣọ Àtijọ́ Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tí Ń Tajà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Aṣọ òkè tí ìyá àgbà kó sí ìsàlẹ̀ àpótí, léèsì tí wọ́n fi ṣe ìnáwó láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọlé, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, báàgì aláwọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ti di ọjà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri lórí Instagram àti WhatsApp. Ẹni tí ń ta aṣọ tuntun lè pààrọ̀ èyí tí kò bá oníbàárà mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta aṣọ àtijọ́ kò ní irú rẹ̀ mìíràn nílé. Bí ọjà kan bá padà wá, owó ìfiránṣẹ́ ti lọ, àkókò ti lọ, aṣọ tí ó ti gbó náà sì ti tún rin ìrìn àjò kan sí i tí ó lè mú kí ó ya. Ó dá mi lójú pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú aáwọ̀ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó ya fọ́tò rárá, nígbà tí olùtajà kò tíì fi ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀ yẹ ọjà náà wò fínnífínní.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà 12 ni mo rí lọ́rùn aṣọ, nọ́ńbà 12 náà ni oníbàárà ní òun ń wọ̀. Kí ló dé tí aṣọ náà kò gba ara rẹ̀?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ọrùn aṣọ kì í ṣe ìwọ̀n tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pàápàá lára aṣọ tí ó ti pẹ́. Nọ́ńbà 12 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì súnmọ́ nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 12 sí lára ní nǹkan bí ọdún 1960 kéré sí èyí tí wọ́n ń kọ 12 sí lónìí, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ti ń fi kún ìwọ̀n wọn díẹ̀díẹ̀ láì yí nọ́ńbà padà. Ẹ tún rò ó pé aṣọ náà lè ti súnkì nínú omi, tàbí kí télọ̀ kan ti dín in fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín.

Ẹ yọ nọ́ńbà kúrò nínú àkọlé, kí ẹ wọn aṣọ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ de bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ má fà á, kí ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá kan dé abẹ́ apá kejì, lẹ́yìn náà ìbàdí, ìdí, gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìsàlẹ̀, àti gígùn apá. Ẹ kọ ọ́ ní ínṣì àti ní sẹ̀ǹtímítà, sẹ̀ǹtímítà 2.54 ló wà nínú ínṣì kan. Ẹ sọ ọ́ kedere bóyá iwájú nìkan ni ẹ wọ̀n tàbí ẹ ti wọ̀n ọ́n yíká, nítorí pé ẹni tí ó rí 20 níbi tí ó ti ń retí 40 lè sá fún aṣọ tí ìbá bá a mu. Ẹ sì gba oníbàárà níyànjú pé kí ó mú aṣọ tirẹ̀ kan tí ó wọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n bákan náà, nítorí pé èyí sàn ju kí ó máa fi téèpù wọn ara rẹ̀ lọ.

Ẹ yí aṣọ náà sóde kí ẹ wo inú ojú rírán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ télọ̀ àtijọ́ a máa fi ààyè sílẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá sì tó ínṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ síta, torí pé télọ̀ òní lè tú u kí ó sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Ní ti aṣọ òkè, ẹ ka iye ìrépé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ra wọn. Ìrépé àtijọ́ sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 4. Ẹ kọ iye rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kan, àti gígùn gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè: Oníbàárà ní dúdú ni ẹtù tí òun rí nínú fọ́tò, pé aláró ni èyí tí mo fi ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Iná gílóòbù ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń sọ ẹtù di dúdú, ó sì máa ń jẹ́ kí sányán dà bí aṣọ funfun tí ó dọ̀tí. Ẹ ya fọ́tò lẹ́bàá fèrèsé ní ojúmọmọ, níbi tí oòrùn kò ti kan aṣọ tààrà, kí ẹ sì fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí bébà náà kò bá funfun nínú fọ́tò, àwọ̀ aṣọ náà kò tọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí fóònù fi ẹwà kankan kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sọ àwọ̀ náà pẹ̀lú: aró tí ó jinlẹ̀, tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo rí i pé aṣọ náà mọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà ní ó ń rùn, ó sì tún rí ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀ràn méjì nìyẹn. Òórùn sábà máa ń wá láti inú kánfọ̀, ìyẹn àwọn hóró funfun tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú àpótí, tàbí láti inú ọ̀rinrin. Ẹ má fọ́n lọ́fínńdà sí i, nítorí pé òórùn méjì yóò para pọ̀, òróró inú lọ́fínńdà sì lè fi àbàwọ́n sílẹ̀ tí kò ní kúrò mọ́. Ẹ yí aṣọ sóde, ẹ fi í kọ́ sí abẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan; oòrùn tààrà lè mú kí àlàárì ṣá. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun tí ọ̀rinrin hù sí i lára, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò níta gbangba, jìnnà sí àwọn aṣọ yòókù.

Ihò ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, torí pé ohun tí ó dá a lè ṣì wà láàyè. Ìdin àwọn kòkòrò kan máa ń jẹ irun àgùntàn àti ṣẹ́dà, ìdí nìyí tí sányán, èyí tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àti kóòtù àtijọ́ fi máa ń fara gbá a. Wọn kì í sábà jẹ òwú lásán, àfi bí òógùn tàbí ọbẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Ẹ gbé gbogbo aṣọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dojú kọ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ihò tí ó bá fara pa mọ́ yóò yọ. Bí ẹ bá fura, ẹ fi aṣọ náà sínú ọ̀rá, ẹ fún atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ẹ dì í pa, kí ẹ gbé e sínú fìrísà tí òtútù rẹ̀ tó ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, tí yìnyín inú fìrísà sì ń yọ́, ẹ̀mí ẹyin àwọn kòkòrò náà lè má bọ́, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọ̀sẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tú ọ̀rá náà títí yóò fi kúrò ní tútù pátápátá, kí omi lè sẹ̀ sí ara ọ̀rá dípò ara aṣọ. Ẹ má gbé báàgì aláwọ tàbí ohun tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má ri aṣọ òkè àtijọ́ bọ omi nítorí àtimú un mọ́ fún títà. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó lọ́rinrin tẹ ibi ìkọ̀kọ̀ kan nínú ojú rírán rẹ̀; bí àwọ̀ bá ràn, omi yóò bà á jẹ́. Ihò tàbí àbàwọ́n tí ó bá kù, títí kan ìpáàrà ara síìpù, ẹ ya á ní fọ́tò tirẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ owó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tí ó ti rí ihò kí ó tó sanwó kì í sábà dá aṣọ padà nítorí ihò náà.

Ìbéèrè: Mo kọ ọ́ pé aṣọ jẹ́ ti ọdún 1950, oníbàárà ní irọ́ ni, ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀. Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí aṣọ?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ̀rí bá gbé ni kí ẹ kọ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìdílé tí ẹ ti ra aṣọ bá sọ pé aṣọ ìgbéyàwó ìyá àwọn ni, ẹ kọ ọ́ pé ìdílé ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tí ẹ fojú rí tì í lẹ́yìn.

Àmì ara aṣọ ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń béèrè pé kí ìtọ́ni bí a ṣe ń fọ aṣọ wà lára rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ aṣọ obìnrin Amẹ́ríkà, ILGWU, tí ó ní àwọ̀ pupa, funfun àti búlúù, jẹ́ ti ọdún 1974 sí 1995. Ohun tí wọ́n kọ “Made in West Germany” sí kò lè ṣáájú 1949, nígbà tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, Jámánì sì ti padà di ọ̀kan ní 1990. Sòkòtò jíǹsì Levi's tí wọ́n fi E ńlá kọ orúkọ náà sára àmì pupa kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣáájú ọdún 1971, bí kì í bá ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ náà tún ṣe láyé òde òní ní àfarawé ti àtijọ́.

Aṣọ tiwa kì í sábà ní àmì, nítorí náà ohun tí wọ́n fi hun ún ni yóò sọ̀rọ̀. Fọ́nrán dídán tí wọ́n ń pè ní Lurex kò sí lọ́jà kí ó tó di 1946, ìdí nìyí tí aṣọ òkè tí ó ń dán yanranyanran nípa rẹ̀ kò fi lè jẹ́ ti 1930. Ọ̀pọ̀ nínú léèsì olówó iyebíye tí ó wọ ilẹ̀ wa láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú wá láti Vorarlberg ní ilẹ̀ Austria. Ẹ tún lè fa fọ́nrán òwú kan ṣoṣo yọ láti inú ojú rírán, kí ẹ fi iná kàn án lórí àwo. Ṣẹ́dà yóò rùn bí irun tí ó jóná, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́. Òwú yóò rùn bí bébà. Polyester yóò yọ́, yóò sì gan pọ̀ di hóró líle. Ní ọdún 1941 ni wọ́n ṣe àwárí polyester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà bí ẹ bá rí i nínú “sányán” tí wọ́n ní ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, àyàfi bí ó bá jẹ́ okùn tí wọ́n fi tún un rán nìkan.

Ẹ̀rí tí ó jẹ́ tuntun jù lọ lára aṣọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ wá kọ ọ́ báyìí: “Ó jọ ti àárín ọdún 1970 sí 1985, nítorí irú léèsì rẹ̀ àti síìpù rẹ̀.” Gbólóhùn tí ó ní “nítorí” nínú máa ń dín aáwọ̀ kù gan-an. Bí ẹ bá ń tajà lórí Etsy, ìyẹn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹ rántí pé ohun tí kò bá tíì pé ogún ọdún kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ka ọjà àtijọ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ike ni iyùn tí mo tà.

Ìdáhùn: Iyùn gidi máa ń tutù lọ́wọ́, ó wúwo ju ike lọ, hóró rẹ̀ kì í dọ́gba, ẹ ó sì rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ẹ bá fi awò amóhun-tóbi wò ó. Ike tètè máa ń gba ooru ọwọ́, ojú ibi tí wọ́n ti dà á papọ̀ sì máa ń hàn. Ẹ má ta ọtí kíkan sí i láti dán an wò, nítorí pé ó ń jẹ iyùn gidi. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ “ìlẹ̀kẹ̀ pupa,” kí iye owó rẹ̀ sì bá bẹ́ẹ̀ mu. Okùn àtijọ́ ti gbó, ẹ tún un sín kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹni méjì sanwó fún aṣọ kan ṣoṣo.

Ìdáhùn: Ẹ fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìwé kan ṣoṣo sì wà tí ẹ ń kọ ọ́ sí, ibi yòówù kí ẹ polówó rẹ̀ sí. Owó tí ó kọ́kọ́ wọlé ló ni aṣọ. Inú àkántì yín ni kí ẹ ti wo owó náà, ẹ má gba fọ́tò alert tí oníbàárà fi ránṣẹ́ gbọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kọ ọ́ pé “ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà”?

Ìdáhùn: Gbólóhùn yẹn kò lè gbà yín sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ ìjọba àpapọ̀, FCCPC, ń mú ṣẹ, béèrè pé kí olùtajà sọ ọ́ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó ní àbùkù padà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, oníbàárà tí ó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò sábà máa ń ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà.

Ẹ ya ọ̀ràn méjì sọ́tọ̀. Bí aṣọ bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ, ẹ dá gbogbo owó padà pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, kí ẹ sì ṣe é kíákíá láìjiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn oníbàárà ló yí, ẹ kọ ìlànà tí òfin ibẹ̀ gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Ẹ fi okùn so káàdì kékeré kan mọ́ ibi tí ó hàn lára aṣọ, kí ẹ sì sọ pé aṣọ tí wọ́n bá ti já káàdì rẹ̀ kúrò ni a kà sí èyí tí wọ́n ti wọ̀ lọ sóde.

Ìbéèrè: Oníbàárà mi ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ra aṣọ òkè àtijọ́ àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí ó jẹ́ eyín erin. Ṣé ó léwu?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, a kò sì gbọdọ̀ kó o jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM. Aṣọ tí ó kéré sí ìyẹn lọ́jọ́ orí náà lè dúró lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè bí wọ́n bá fura sí i, torí náà ẹ fi ìwé tí ó ṣàlàyé ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀rí rẹ̀ sínú ẹrù.

Ní ti ẹ̀gbà eyín erin, ẹ má gbà á. Láti ọdún 2022 ni òfin eyín erin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó yọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eBay ti fòfin de títa rẹ̀ láti ọdún 2009. Ẹ yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lójú ìwé ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ sì dá ẹ̀gbà náà padà fún ìdílé tí ó gbé e fún yín láti tà.