Ẹ Ṣe Àyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Po Oògùn Sómi Adìyẹ

Adìyẹ méjì kú mọ́jú, àwọn tó kù wúyẹ́ sójú kan, wọn ò jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣọ́ọ̀bù olóògùn ẹran ni à ń sáré lọ. A ó ra oògùn tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn, a ó pò ó sómi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a tún ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Owó ń lọ, adìyẹ ń kú.

Kòkòrò bakitéríà nìkan ni oògùn áńtíbáyọ́tíìkì ń pa. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lùkúlùkú ní tiẹ̀, àjẹsára tí ẹ ti fún wọn kó tó dé ló ń dènà rẹ̀. Bí ọrùn adìyẹ bá lọ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewé, ẹ má fi tẹtrasáíkílìnì ṣòfò. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà ní kòkòrò tó sábà máa ń fà á, tí kì í ṣe bakitéríà, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ojú lásán kò tó láti fi mọ ìyàtọ̀, nítorí àrùn máa ń jọra wọn.

Ẹ mú adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tàbí èyí tí àìsàn ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé òkú náà, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, ẹ má jẹ́ kó dì. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó fún àwọn yòókù lóògùn, torí oògùn lè pa kòkòrò tí wọ́n fẹ́ wá. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta.

Níbẹ̀, wọn á mú kòkòrò bakitéríà lára adìyẹ náà, wọn á gbìn ín sórí oúnjẹ kan tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo pẹlẹbẹ. Wọn á to bébà róbótó-róbótó lé e, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ á ní òrùka tó mọ́ kedere yí bébà rẹ̀ ká. Èyí tí apá rẹ̀ kò ká kòkòrò náà mọ́, kòkòrò á hù títí dé ẹsẹ̀ bébà.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, èyí ló sì ń mú kí àgbẹ̀ sá fún un. Mi ò bá yín wí. Lọ́dún 2024, ẹ̀bùn Longitude tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò tó yá, mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Sweden tó ṣe ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtọ̀ èèyàn wò, tó sì ń sọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 45. Ti èèyàn nìyẹn o, kì í ṣe ti adìyẹ.

Áńtíbáyọ́tíìkì tuntun pàápàá kì í tètè jáde. Tí wọ́n bá rí ọ̀kan, ṣe ni wọ́n ń fi í pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro, kí apá rẹ̀ má baà tètè di aláìká kòkòrò mọ́, kì í sì í tà tó bí ilé iṣẹ́ ṣe ń fẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá àjọ kan tó ń jẹ́ CARB-X sílẹ̀ ní 2016 láti máa náwó sórí oògùn, àjẹsára àti àyẹ̀wò pọ̀, tí àjọ ìlera àgbáyé náà sì bá àjọ DNDi dá GARDP, àjọ tó ń wá oògùn tuntun, sílẹ̀ lọ́dún náà. Lọ́dún 2022, ilẹ̀ England bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan lọ́dọọdún fún oògùn méjì, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lò ó púpọ̀ tàbí díẹ̀.

Nínú ilé náà, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gún un níka fún àyẹ̀wò ibà. Kì í pẹ́ tí èsì fi ń jáde. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tó ṣẹ́kù láti ọdún tó kọjá kì í ṣe oògùn ara gbígbóná.

Tí dókítà ẹranko bá wá fún yín ní oògùn, ẹ lò ó tán bó ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ bi í ní iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ ta ẹyin tàbí ẹran lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sára ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, kí ẹni tó ń kó ẹyin lè máa rí i.