Ríìlì Owó Gọbọi Àbí Ti Owó Pọ́ọ́kú: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Tá A Ń Fi Ìwọ̀ Pẹja

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra ríìlì olówó ńlá ni, àbí kí n kàn ra ti pọ́ọ́kú?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́, torí ẹni tó bi mí ò tíì sọ omi tó fẹ́ gbé ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká okùn ìwọ̀, lọ. Ẹni tó ń wá ẹpìyà ní dáàmù Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn àti ẹni tó dúró sórí òkúta West Mole ní Tarkwa Bay l'Ékòó tí ìgbì ń ta sí lára, ohun tí wọ́n nílò ò jọra rárá. Omi tí kò ní iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ríìlì jẹ́, ríìlì Shimano Sienna tí kì í sábà tó dọ́là 50 l'Amẹ́ríkà á bá yín ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀, kò sì sí ẹpìyà tó máa béèrè pé èló lẹ ra ríìlì tẹ́ ẹ fi gbé òun. Iyọ̀ ni ọ̀tá jàre.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti ń dojú rú fún àwa ará Èkó ni ọ̀sà. Lásìkò òjò omi odò máa ń ya wọ inú ọ̀sà débi pé iyọ̀ ibẹ̀ á wálẹ̀ gan-an, ẹni tó ra ríìlì pọ́ọ́kú loṣù keje á máa gbádùn ẹ̀, á tún máa fi àwọn tó náwó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣekárími ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kejì báyìí, tí omi òkun ti wọlé dáadáa. Ibi kan náà tó ń dúró sí, ọ̀sà kan náà, ni ríìlì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìgìrì. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ kú ni kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà lórí ẹ̀ kó tó wọ spool (ibi tí okùn ń ká sí), tí kẹ̀kẹ́ yẹn bá ti gan tí kò yí mọ́, okùn á máa ha ara ẹ̀ lójú kan ṣoṣo títí yóò fi já, ọ̀gá á wá máa bú ẹni tó ta okùn fún un.

Àṣìṣe míì ni kíka béárìn, ìyẹn àwọn òrùka onírin tó ń jẹ́ kí inú ríìlì máa yí geere. Àwọn tó ń tajà mọ̀ pé nọ́ńbà ńlá ń dùn mọ́ wa, wọ́n á kọ 13+1 (béárìn 13 àti ọ̀kan tó yàtọ̀) gàdàgbà sára páálí, ẹ ó wá rí ẹni tó máa fi Penn Battle III sílẹ̀ torí pé 5+1 ni tiẹ̀. Béárìn 13 tí kò sí nǹkan tó bò wọ́n lọ́wọ́ iyọ̀, ibi 13 tó máa dípẹtà nìyẹn o.

Drag ni bíréèkì ríìlì, tó ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹja bá ń fà á. Nọ́ńbà tiẹ̀ náà ńkọ́? Wọ́n á ní 20 kilo (bíi 44 pound). Kí lẹ fẹ́ fi 20 kilo ṣe? Okùn 30 pound, ìyẹn èyí tó máa já tí ohun tó ń fà á bá ju 30 pound lọ, ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta agbára ẹ̀ làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi drag sí, bíi 8 sí 10 pound. Bó ṣe ń tú okùn sílẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wò, ẹ sì lè wò ó níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ fún drag díẹ̀, ẹ di okùn mú, ẹ máa fà á jẹ́jẹ́. Tó bá ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa bá nájà lọ. Àmọ́ tó bá kọ́kọ́ gan, tó já lọ lójijì, tó tún gan, ẹ gbé e padà fún un, torí kútà ńlá kan ló máa bá yín já okùn níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún gan-an nìyí, drag tó dáa àti gíà tí kò ní yẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, kì í ṣe àwọ̀ góòlù tí wọ́n kùn sí i lára.

Àwọn olówó náà ní tiwọn ṣá. Ẹnì kan á ra ríìlì Stella SW ti Shimano, tó lé ní dọ́là 1,000, á wá lọ fi okùn tí kò lórúkọ sí i, á sì so ó mọ́ ọ̀pá tí kò lè gbé e. Ẹlòmíì á gbọ́ pé ríìlì Penn Spinfisher VI jẹ́ IPX5 (àmì bó ṣe lè dènà omi tó), á wá máa rì í bọ omi. IPX5, omi tí wọ́n bá fọ́n sí i ló wà fún, wọn ò sọ pé kẹ́ ẹ rì í bọ inú ọ̀sà. Kẹ́ ẹ tó ra èyí tó wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó máa bá yín tú u tó bá nílò gírísì, torí skúrù tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí kò tú u rí.

Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ ti ríìlì. Tí ẹja bá ń sá lọ tí drag ń dún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má máa yí ọwọ́ ríìlì. Ríìlì tí gíà ẹ̀ jẹ́ 5.2:1 (tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, apá tó ń ká okùn á yí po ìgbà 5 àti díẹ̀), gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí okùn ń jáde, okùn á lọ́ bíi ìgbà 5, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó ti di 50 nìyẹn, tó bá wá dọjọ́ kejì tí okùn ń ta kókó káàkiri wọ́n á ní ríìlì pọ́ọ́kú ló fà á. Ti Stella náà á lọ́.

Tẹ́ ẹ bá délé láti ibi omi iyọ̀, ẹ fún drag pa kí omi má bàa wọ ibẹ̀, ẹ rọra fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi họ́ọ̀sì tó lágbára ti iyọ̀ wọnú, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ wá tú drag sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e pa mọ́. Ọ́ìlì ẹ̀kán kan lórí kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn ti tó. Ẹ má fọ́n WD-40 sínú ẹ̀ o, ṣe nìyẹn máa ń fọ gírísì tó wà níbẹ̀ dànù.