Omi Inú Àyà: Ọkàn Ni Kí Ẹ Tọ́jú

Bí Bàbá kò bá lè sùn àfi kí ẹ to ìrọ̀rí mẹ́ta sẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń ta jí lóru lọ wá atẹ́gùn lójú fèrèsé, ẹ má tètè pè é ní ikọ́ ife tàbí àsasí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Bí ojú ibẹ̀ bá jin tí kò tètè kún, omi ti ń dúró lára wọn. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n ya àwòrán àyà.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, bí ẹ̀rọ tó ń fa omi odò sóko ẹ̀fọ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́ (ẹ̀jẹ̀ ríru tí a fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ló sábà ń fà á lọ́dọ̀ wa), ẹ̀jẹ̀ á há sẹ́yìn, omi rẹ̀ á sun sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà. Ẹ̀dọ̀fóró ò ní ráyè fẹ̀ mọ́.

Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fa omi náà láti ẹ̀yìn. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí a ò bá tọ́jú ọkàn, omi á padà. Ọwọ́ oògùn ojoojúmọ́ niṣẹ́ wà. Àárọ̀ ni wọ́n sábà ń lo furosemide, tó ń mú ni tọ̀, kó má baà fi oorun duni. Àwọn ìyá wa kan kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà nítorí kò síbi tí wọn ó ti tọ̀. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi dókítà bóyá wọ́n lè lò ó bí wọ́n bá dé.

Iyọ̀ oòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, magí àti ẹja oníyọ̀ wà nínú ẹ̀. Wọ́n á ní ọbẹ̀ tẹ́. Ẹ fi irú tí kò níyọ̀, ata àti ẹ̀fínrín gbè é.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, kòkó yín ń gorí òṣùwọ̀n lọ́dọọdún, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ, kí aláìsàn wọn ara rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ 3, ẹ pe ilé ìwòsàn. Ẹ má ra diclofenac tàbí ibuprofen fún ara ríro: wọ́n ń dá omi dúró.

Bí èémí bá ń gé lórí ìjókòó, tàbí tí ètè ń dúdú, ẹ má dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó nínú ọkọ̀. Ẹ má tẹ́ wọn gbalaja.