Bí A Ṣe Ń Tún Kòtò Yangí Tó Ti Di Ọ̀gọ̀dọ̀ Ṣe

Ọ̀pọ̀ títì tí wọ́n ń là ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń fi kòtò sílẹ̀ sẹ́yìn. Inú oko ẹnì kan ni wọ́n ti wa yangí tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Nígbà tí katapíla bá lọ tán, tí tipa tó kẹ́yìn ti kúrò, òjò á rọ̀, kòtò á gba omi dúró. Ọmọdé á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, màlúù á máa mu nínú ẹ̀, ẹ̀fọn á máa yé sí i. Ọmọ tó ti bá irú omi bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ wa kò lóǹkà, ó sì ń dùn mí dọ́kàn, torí pé iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí wọn là kò ju agbára àdúgbò tó bá fìmọ̀ ṣọ̀kan lọ.

Bèbè ni kí ẹ gbájú mọ́. Bí bèbè bá dúró gánrangánran, omi náà léwu, ì báà mọ́ gaara. Bí ó bá rọra dà wọnú omi, ẹni tó yọ̀ ṣubú á lè gòkè padà, koríko á hù, àgbàrá kò ní ríbi gé ilẹ̀ jẹ.

Kí agbaṣẹ́ṣe tó kó irinṣẹ́ lọ

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ rọrùn jù, ìgbà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ń jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2007 kan yangí, iyanrìn àti òkúta wẹẹrẹ, ó sì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó wa ilẹ̀ pé kó tún un ṣe. Òfin yìí kan náà ló ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ bá àwọn ará ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ìdàgbàsókè ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí Baálẹ̀, mọ́gàjí àti onílẹ̀ má wulẹ̀ gba owó yangí kí wọ́n dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ bí bèbè ṣe máa rí, oṣù tí wọ́n máa ṣe é, àti ẹni tó máa san owó katapíla.

Kí wọ́n tó kan yangí rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́ erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè jọ sọ́tọ̀, bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 tí àgbẹ̀ ń gbin nǹkan sí. Kí òkìtì rẹ̀ má ga ju mítà 2 lọ, kí tipa má sì gùn ún. Àwọn kan ń tà á fún ẹni tó fẹ́ kún ilẹ̀ ilé. Ẹ má gbà fún wọn láé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilẹ̀ yangí tí kò ní erùpẹ̀ dúdú lórí máa fi wà ní ìhòòhò.

Ẹ mọ omi náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ ta kókó sí okùn náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ jù ú sínú omi láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ iye kókó tó rì sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi lọ wọ̀n ọ́n. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án tí omi ti kún, ẹ kan èèkàn mọ́ etí rẹ̀. Nínú oṣù kẹta, kí òjò tó padà, ẹ kan òmíràn síbi tí omi fà sẹ́yìn dé.

Èèkàn kejì yìí ló máa sọ ohun tí kòtò yín lè dà fún yín. Tí omi bá ti gbẹ pátápátá kí oṣù kẹta tó dé, ẹ má fowó ṣòfò lórí ẹja. Ilẹ̀ igi àti ilẹ̀ àkúrọ̀ nìyẹn. Tí ó bá ṣì jìn tó mítà 1.5, ẹ lè sin ẹja níbẹ̀, ẹ sì lè fi bomi rin oko.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ sọ ọ́ di ààtàn pé ẹ fẹ́ fi ìdọ̀tí dí i. Omi tó ń ṣẹ̀ láti inú ìdọ̀tí á jò wọ ilẹ̀ lọ, inú kànga tí à ń pọn mu ló sì lè já sí.

Iṣẹ́ bèbè

Ìwọ̀n tó dára ni pé bí ẹ bá lọ mítà 3 síwájú, kí ilẹ̀ má rẹlẹ̀ ju mítà 1 lọ. Ká ní ògiri kòtò yín ga ní mítà 3. Àwọn èèyàn á rò pé àfi kí wọ́n gé mítà 9 wọnú oko ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlàjì òkè ni kí katapíla gé, kó tì í sísàlẹ̀. Mítà 4.5 péré ni kòtò á fi wọnú oko. Erùpẹ̀ tí wọ́n gé níbẹ̀ á sì tẹ́ mítà 4.5 nínú kòtò. Ẹ kò ní ra erùpẹ̀ kankan.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kan orí okùn tó gùn ní mítà 3 mọ́lẹ̀ lókè, ẹ na orí kejì síta, kí ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà rí i pé ó tẹ́jú. Ẹ wá wọn láti orí okùn yẹn dé ilẹ̀. Tó bá ju mítà 1 lọ, ó ṣì ga jù.

Kí ìdagẹ̀rẹ̀ náà kọjá èèkàn oṣù kẹta wọnú omi ní mítà 2 ó kéré tán. Ọmọ tó bá lọ wẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, etí omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa gbà wọlé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ bèbè fi jẹ́ iṣẹ́ oṣù kìíní sí oṣù kẹta.

Tó bá jẹ́ àpáta líle ni wọ́n fọ́, katapíla kò lè ṣe èyí. Ọgbà ni kí ẹ yí irú ìyẹn ká, kó jìnnà sí etí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì pe onímọ̀ ẹ̀rọ wá wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ la gọ́tà sí òkè bèbè kí àgbàrá má baà máa ṣàn gba orí rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tí ẹ ti tẹ́ òkúta sí ni kí omi gọ́tà gbà wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀. Kí katakata tú ilẹ̀ tí tipa ti tẹ̀ le, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 50, kó sì máa tú u ní ìbú, kì í ṣe láti òkè wálẹ̀. Kí ẹ wá da erùpẹ̀ dúdú padà sórí rẹ̀.

Gbígbìn

Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ gbin koríko bàhámà bo gbogbo bèbè. Ẹ gé ẹ̀ka agúnmániyè kì í mọ́lẹ̀ lókè; ó ń tètè mú, ó sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Kájú, máńgòrò àti igi igbá tí à ń rí irú lára rẹ̀ bá ilẹ̀ wa mu, ṣùgbọ́n ẹ gbìn wọ́n sẹ́yìn gọ́tà. Àárín èèkàn méjèèjì, ibi tí omi ń fà sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá, dára fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú àkúrọ̀. Ẹ má fín oògùn apakòkòrò níbẹ̀ o, inú omi ló máa já sí.

Omi, ẹja àti àìsàn

Bí omi bá pupa, ẹ bù ú sínú ìgò, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá tòrò, àgbàrá tàbí màlúù ló ń rú u. Tó bá ṣì rú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, amọ̀ tó kúnná ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ àwọn olómi ẹja sọ́nà sọ iye láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun) tí ẹ máa dà sí i. Ẹja epìyà kéékèèké máa ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sí i.

Àtọ̀sí ajá, tó ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, ara ìgbín kéékèèké inú omi ló ti ń wá, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ tàbí fọṣọ níbẹ̀, kí ẹ máa hú koríko kúrò ní ojú ibi tí àwọn èèyàn ti ń pọn omi fún oko. Ẹ bá àwọn darandaran sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí pé ojú kan tí ẹ tẹ́ òkúta sí ni màlúù á ti máa mumi, kí pátákò wọn má tún bèbè bàjẹ́.

Ẹ yan ẹni tó máa yí i po lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ojú àgbàrá tí ọwọ́ lè wọ̀ lónìí, ọkọ́ àti àpò iyanrìn á dí i. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ di oṣù kẹwàá, ẹ máa tún háyà katapíla.