Nígbà tí Wọ́n Bá Kọ̀ Láti Fún Òbí Yín ní Owó Ìrànwọ́ ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ agboolé ló wà ní Abẹ́òkúta tí ìyá tàbí bàbá wọn lọ ṣiṣẹ́ sí Ìlú Ọba nígbà èwe, tí wọ́n sì darúgbó sọ́hùn-ún. Ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú wọn lè máa ṣiṣẹ́ òru, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ ráyè jókòó ti ìwé. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn: èmi ń gbé ní Ìbarà, ìyá mi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ àbúrò mi, orí fóònù la sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Owó tí mo ń sọ ni Attendance Allowance, tí ìjọba ibẹ̀ ń san fún ẹni tó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tí àìlera sì mú kí ó máa nílò ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìwọ̀n kékeré rẹ̀ di £73.90 lọ́sẹ̀, ìwọ̀n ńlá sì di £110.40. Wọn kì í wo àpò ẹni kí wọ́n tó san án, nítorí náà ẹ má ṣe gbà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ilé tí òbí yín kọ́ sí Abẹ́òkúta ló fa kíkọ̀ náà.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ya fọ́tò gbogbo ojú ewé lẹ́tà ìpinnu náà, kí ó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà ni oṣù kan tí òfin fún yín ti ń kà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Láàárín oṣù yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ní kí DWP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń san owó náà, tún ìpinnu rẹ̀ yẹ̀ wò. Mandatory Reconsideration ni wọ́n ń pè é, ẹ kò sì lè fò ó dé iwájú adájọ́. Ẹ lè fi fóònù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà. Bí oṣù kan bá ti kọjá, ẹ ṣì lè béèrè, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi pẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì ju oṣù 13 lọ.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà yẹn, ẹ mọ ohun tí òfin ń wá. Orúkọ àìsàn nìkan kò tó. Irú ìrànlọ́wọ́ tí ara òbí yín ń fẹ́ àti iye ìgbà tó ń fẹ́ ẹ ni wọ́n ń wò. Wíwẹ̀, wíwọṣọ, lílọ sí ilé ìgbẹ́, dídìde lórí ibùsùn, jíjẹun, lílo oògùn, àti ṣíṣọ́ wọn kí wọ́n má bàa ṣubú, àwọn wọ̀nyí ló wúwo. Oúnjẹ sísè, ilé gbígbá àti ọjà lílọ kì í sábà wúwo, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ojú àwa ọmọ kọ́kọ́ ń rí. Ẹni tó ń nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án nìkan tàbí lóru nìkan ni ìwọ̀n kékeré wà fún. Ẹni tó ń nílò rẹ̀ tọ̀sán-tòru ló ni ìwọ̀n ńlá.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Bí èèyàn bá bi àwọn òbí wa pé ṣé àlàáfíà ni, “A dúpẹ́, ara le” ni wọ́n máa dáhùn, nítorí pé àgbà kì í ka àìlera rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Nígbà tí ìyá mi sọ lórí fóònù pé àwọn ń wẹ̀ fúnra àwọn, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Wọ́n ń wẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbúrò mi ló ń gbé wọn wọ inú báàfù, òun ló ń fọ ẹ̀yìn wọn, òun náà ló sì ń dì wọ́n mú nítorí pé ẹsẹ̀ wọn máa ń yọ̀. Lójú wọn, kí ọmọ fọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń rò fún ìjọba. Ojúṣe ọmọ ni.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn ṣe àkọsílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán: aago tí wọ́n jí i, ohun tó ṣe, àti bí ó ti pẹ́ tó. Ọ̀kan nínú tiwa kà báyìí: “Aago méjì òru, mo gbé Màámi lọ sí ilé ìgbẹ́, ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ààbọ̀, aṣọ ti tutù, mo pààrọ̀ rẹ̀.” Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wúlò ju “wọn kò lè ṣe nǹkan kan mọ́” lọ. Kí dókítà wọn náà kọ ohun tí àìsàn náà kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe.

DWP kì í bá ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìsí àṣẹ, nítorí náà kí òbí fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yan ọmọ báyìí láti ṣojú àwọn. Bí ìgbàgbé bá ti pọ̀ jù fún ìyẹn, ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ni kí ó béèrè láti di appointee, ìyẹn ẹni tí DWP gbà láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ owó náà ní ipò òbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abẹ́òkúta, ẹ má ṣe rò pé ẹ ó kàn jẹ́rìí lórí fóònù lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Kí ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn tó lè fi ẹnu jẹ́rìí, orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Lẹ́tà ni kí ẹ fi jẹ́rìí. Mo kọ ohun tí mo fojú rí nígbà tí wọ́n wá sí Ìbarà, bí ó ṣe gba èèyàn méjì láti mú wọn gun àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n fúnra wọn kọ́, mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì lọ gbé e sórí kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀.

Bí DWP bá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, oṣù kan mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wà lórí ìdáhùn náà, kí ẹ fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SSCS1. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ DWP; adájọ́ wà níbẹ̀, dókítà sì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè fún ìjókòó tí òbí yín yóò ti sọ̀rọ̀, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìwé nìkan dájọ́, kí ẹ sì béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ara wọn ṣe rí lọ́jọ́ tí DWP ṣe ìpinnu ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò, nítorí náà bí àìlera bá ti le sí i lẹ́yìn náà, ẹ bi Citizens Advice tàbí Age UK, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bóyá kí ẹ tún béèrè owó náà lákọ̀tun. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bí òbí yín bá ti ń gba ìwọ̀n kékeré tí ẹ ń wá ńlá, torí pé ìgbìmọ̀ náà lágbára láti gba èyí tó wà lọ́wọ́.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìjókòó, ẹ pe òbí yín. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ìbéèrè ọ̀la kì í ṣe ìkíni, àti pé bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ pé àwọn ń wẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n kún un.