Ọkọ̀ tí sítátà rẹ̀ ń ṣe ségesège: wáyà earth (èyí tó so orí òdì bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì) ni
Nígbà mìíràn tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ mi á kàn dún "ká", iná dáṣíbọ́ọ̀dù á sì kú. Nígbà mìíràn, á dáhùn wẹ́rẹ́. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo yẹ fíúsì wò, pàbó ni. Mítà tí a fi ń wọn iná ló tú àṣírí rẹ̀: mo gbé e sí 20V DC, mo fi wáyà rẹ̀ dúdú kan orí bátìrì tó ní àmì òdì, mo fi pupa kan irin ẹ́ńjìnnì, àbúrò mi sì yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí ohun tí mítà kà ju 0.5V lọ, ṣùgbọ́n 1.8V ni mo bá níbẹ̀: iná ń sọnù lójú ọ̀nà wáyà earth nìyẹn. Mo tú orí bátìrì, mo tú wáyà earth lára ẹ́ńjìnnì, mo fi sánpépà ha ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó fara pamọ́ sábẹ́ nọ́ọ̀tì títí irin fi dán, mo sì dì í pinpin. Kò tíì kọṣẹ́ mọ́. Ní ti ọkọ̀ ẹlòmíràn, sítátà gan-an lè ni ìṣòro o, ṣùgbọ́n wíwọn èyí kò gba owó.