Bí mo ṣe tọpa orúkọ Ṣówándé, láti ìtumọ̀ dé orí máàpù

Iṣẹ́ méjì ni mo gbé ka iwájú: kí n mọ ohun tí Ṣówándé túmọ̀ sí, kí n sì mọ ibi tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ wà lónìí. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á tẹ orúkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí máàpù ayé tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, wọ́n á ní ó ti parí. Ìtumọ̀ ni èmi fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe hun orúkọ kò lè mọ iye ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́, gbogbo ọ̀nà tí kò bá sì mọ̀ ni yóò fò dá nígbà tó bá ń kà.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé: Ṣó-wán-dé. Mí mí mí ni, ohùn òkè ni gbogbo rẹ̀. Mo wá tú u: oṣó, wá, mi, dé. O tó wà níwájú oṣó jábọ́, bí i ti Ifá ṣe ń di Fá nínú Fágbèmí àti Ọlá ṣe ń di Lá nínú Ládípọ̀. Ohun tí ó kù, Ṣó, ni orí orúkọ.

N tó wà láàárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n máa ń kà á bí i «wá ń dé», bíi pé oṣó wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. «Mi» ni n yẹn, ẹnu ló lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kí ó gbé e lé Ṣóyínká: oṣó yí mi ká. Kò sí bí a ṣe lè rí «ń» ti iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Bákan náà ni Ògúnwándé, tí í ṣe Ògún wá mi dé, àti Ọláwándé. Nígbà tí «mi» bá sì ti fìdí múlẹ̀, «wá» náà á fara hàn: wíwá tí a ń wá nǹkan ni, kì í ṣe wíwá tí a ń wá síbì kan. A lè wá ènìyàn kàn. A kò lè «wá mi» ní ti bíbọ̀. Nítorí náà, oṣó wá mi títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ilé gbà pé ohun tí ìdílé ń sìn ló tọ̀ wọ́n wá.

Ìdí kejì tí mo fi jókòó ti ìrù orúkọ náà ni pé òun kan náà wà lára orúkọ mìíràn tí kò bá a tan. Wándé tí a ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ará Ọ̀yọ́ tó jẹ́ gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 dé 1989, Ògúnwándé ni wọ́n gé kúrú. Torí èyí, ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ Wándé lásán, mi ò kà á mọ́ Ṣówándé, bó ti wù kó wuyì tó.

Ọ̀rọ̀ oṣó ńkọ́? Lónìí, bí a bá ti dárúkọ oṣó, àjẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e lẹ́nu, ojú àwọn ènìyàn á sì yí padà. Ṣùgbọ́n kò sí baba tí yóò mú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ jáde kí ó sì fi èébú sọ ọ́ lórúkọ. Ibi tí Àyàn wà nínú orúkọ onílù, tí Ọ̀jẹ̀ wà nínú orúkọ eléégún, tí Ọdẹ wà nínú orúkọ ọlọ́dẹ, ibẹ̀ ni Ṣó wà: ó ń sọ ohun tí wọ́n mọ ilé náà mọ́. Ọkùnrin tó mọ oògùn, tó mọ awo, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ, ni ilé ń fi yangàn. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí gbilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́, orúkọ sì wà níbẹ̀ kò lọ. Àwọn kan yọ Ṣó kúrò, wọ́n fi Olú dípò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí Ògún àti Fá. Mo la òpó ọ̀tọ̀ fún Olúwándé nínú tábìlì mi, mi ò pò ó mọ́ ìyókù, nítorí wọ́n lè ti sọ ọmọ ní Olúwándé láti ìkókó láìsí Ṣó kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo S-o ni Ṣó, ẹ má gbàgbé. Sobaloju tí a ń rí nínú ìwé, Ṣọbalójú ni, ọba ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tí kò ní àmì ló sọ wọ́n di ìbejì.

Ohun tó tún yí iṣẹ́ náà padà ni pé orúkọ bàbá, bí a ṣe ń lò ó lónìí, kò pẹ́ láàárín wa. Ṣódẹkẹ́ tó ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní 1830, orúkọ ara rẹ̀ ni Ṣódẹkẹ́, kì í ṣe orúkọ ìdílé tí gbogbo ọmọ ń gbé kiri. Ilé ìwé àti ìwé ìrìbọmi ló béèrè orúkọ kejì. Ọmọ á fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó wọlé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta á fi ti bàbá àgbà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyá kan náà ṣe ń di olórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé. Ìyẹn ni pé Ṣówándé méjì lè má bá ara wọn tan rárá, Ṣówándé àti ẹlòmíràn sì lè jẹ́ ọmọ bàbá kan.

Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo lọ bá àwọn àgbà, mi ò béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá béèrè ìtumọ̀, ìwàásù ni wọn yóò fún yín. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tí mo bi wọ́n ni: «Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ nínú ilé yín? Ṣé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni? Àwọn àbúrò rẹ̀, orúkọ wo ni àwọn ọmọ tiwọn ń jẹ́ ní ilé ìwé?» Ìbéèrè kẹta ló ń ṣiṣẹ́ jù. Òun ló máa ń tú àwọn ìbátan tí ìwé ti fi pamọ́ síta. Mo sì máa ń béèrè oríkì orílẹ̀ wọn, nítorí oríkì kì í tẹ̀ lé ìwé ìrìbọmi: Ṣówándé méjì tí orílẹ̀ wọn yàtọ̀, ìdílé méjì ni mo kọ wọ́n sí.

Ó wá kan ọ̀nà ìkọ̀wé. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 ti fìdí àmì abẹ́ ṣ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú ọ́fíìsì kò ní i. Akọ̀wé kan á fi s lásán, èkejì á fi sh. Ernest Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá tó ṣe olórí ìjọba fìdíhẹẹ́ ní 1993, sh ni tirẹ̀. Wọlé Ṣóyínká tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìsàrà ní Rẹ́mọ, s ni wọ́n ń tẹ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Orí orúkọ kan náà ni. Àtúnṣe àkọtọ́ ti 1974 kò dé orí orúkọ àwọn ènìyàn, ìdí nìyẹn tí Kehinde fi ṣì ń gbé h rẹ̀ kiri lẹ́yìn tí ẹ̀hìn ti di ẹ̀yìn.

Ọ̀nà mẹ́jọ ni mo fi wá a: Sowande, Showande, Sho Wande pẹ̀lú àlàfo, So-Wande pẹ̀lú ìlà, lẹ́yìn náà àwọn àṣìtẹ̀ mẹ́ta tó máa ń wáyé, Sowende, Sawande àti Sowanda. Ìkẹjọ ni Chowandé, torí orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Faransé ti ń darí ọwọ́ akọ̀wé. Níbẹ̀, Òjó máa ń di Odjo, p wa máa ń di kp, ṣ sì lè di ch. Kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ rí i dájú pé àpótí ìwárí ń gba lẹ́tà lásán, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ẹ bá tẹ ṣ alámì, òfo ni wọn yóò mú wá.

Ní Nàìjíríà, kò sí àkójọ ìjọba kan tó ka orúkọ ìdílé. Ètò ìkànìyàn 2006 kò tilẹ̀ béèrè ẹ̀yà. Ẹ̀rí kéékèèké ni mo fi ṣiṣẹ́: orúkọ olùdìbò tí INEC máa ń lẹ̀ mọ́ ibùdó ìdìbò, orúkọ àwọn tó gboyè jáde, ìkéde ìyípadà orúkọ, àti ìkéde òkú. Àwọn méjì ìkẹyìn ló wúlò jù fún mi. Ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn máa ń rí báyìí: «Èmi tí wọ́n ń pè tẹ́lẹ̀ ní Omidan Showande, mo fẹ́ kí a máa pè mí ní Ìyáàfin báyìí-báyìí láti òní lọ, gbogbo ìwé ẹ̀rí mi àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀.» Ìlà mẹ́ta péré, ó ti sọ orúkọ bàbá, orúkọ ọkọ, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé náà. Láìsí i, gbogbo obìnrin tó ti relé ọkọ ló sọnù lójú wa, ìyàwó tó wá láti Iléṣà yóò sì di ọmọ Ṣówándé nínú ìṣirò.

Ìkéde òkú wá ju ìyẹn lọ. Ó ń dárúkọ ìlú, agbo ilé, ọmọ, àna, àti ìlú òkèèrè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Mo pín òpó rẹ̀ sí márùn-ún: bí wọ́n ṣe kọ orúkọ, ìlú abínibí, ibi tí olóògbé gbé, ibi tí àwọn ọmọ wà, ọdún. Ìlú abínibí àti ibùgbé kò gbọdọ̀ wọ òpó kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bàjẹ́.

Ẹ wo Èkó. Bí ẹ bá rí Ṣówándé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ lè ní ó ṣí wá ni. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nínú ìpínlẹ̀ yẹn láti 1967, Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú sì ni ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú lè má tíì kúrò nílé baba rẹ̀. Mo yọ agbègbè méjèèjì kúrò lára Èkó kí n tó kun máàpù, àwòrán sì mọ́lẹ̀ kedere: Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni àárín gbùngbùn, ìyókù Èkó tẹ̀ lé e, Ìbàdàn wá lẹ́yìn. Ti Ìbàdàn kò yà mí lẹ́nu. Reluwé dé ibẹ̀ ní 1901, ará Ìjẹ̀bú sì kún Òkè-Àdó. Ojú irin kan náà ló gbé akọ̀wé àti oníṣòwò dé Kano, nítorí náà bí Showande kan bá jáde ní Sábọ̀n Gàrí, ẹ má pa á rẹ́ bí àṣìṣe.

Ní òkè òkun, ìtàn Fẹlá Ṣówándé, olórin tó ń tẹ dùùrù, fi ipa ọ̀nà hàn: ìdílé Ẹ̀gbá ló ti wá, wọ́n bí i ní 1905, ó gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú sí ìpínlẹ̀ Ohio ní 1987. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, atọ́ka ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ń kọ orúkọ ìdílé ìyá láti 1911, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ìkéde ìyípadà orúkọ ń ṣe fún wa nílé. Ní Amẹ́ríkà, àkójọ orúkọ ìdílé láti inú ìkànìyàn 2010 ń gbé orúkọ 162,253 jáde, ṣùgbọ́n ẹni ọgọ́rùn-ún ni orúkọ gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé. Wọ́n ka Sowande sí orúkọ kan, Showande sí òmíràn. Orúkọ tó ní àádọ́rin ènìyàn lọ́nà kan àti ọgọ́ta lọ́nà kejì kò ní hàn rárá, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ọgọ́rùn-ún dáadáa. Àkójọ náà ní òpó ẹ̀yà, èyí tí Ṣówándé kò nílò púpọ̀. Bello, Ojo àti Oke ló nílò rẹ̀: Bello pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn elédè Sípéènì, Oke sì wà lára orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì látijọ́.

Brazil àti Cuba, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Orúkọ olówó ẹrú àti ti ìrìbọmi bo tiwọn mọ́lẹ̀, àwọn Àgùdà tó padà dé Èkó sì di Pereira àti da Rocha. Ọ̀rọ̀ àwọn Sàró ló yẹ kí a ṣọ́ra fún, nítorí ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá ti Freetown dé pẹ̀lú Williams àti Johnson. Díẹ̀ nínú wọn padà sí orúkọ ilé, bí David Vincent ṣe di Mọ́jọlá Agbebí ní 1894. Èyí tó pọ̀ kò padà.

Máàpù mi ní àwọ̀ méjì: dúdú fún ìlú abínibí tí ìkéde òkú tàbí àgbà ilé jẹ́rìí sí, eérú fún ibùgbé lásán. Olúwándé ṣì wà nínú òpó rẹ̀, láìní àwọ̀ kankan, títí n ó fi rí ìkéde kan tó so ó mọ́ agbo ilé Ṣówándé.